Marina Rinaldi ló wà lọ́rùn kóòtù, ṣé Max Mara náà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá télọ̀. Kóòtù wúùlù kan wọ̀ mí lójú ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà níbí ní London. Ẹni tó ń tà á ní Max Mara ni, owó Max Mara ló sì ń pè é. Àmọ́ Marina Rinaldi ni mo kà lọ́rùn rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ayédèrú ló fẹ́ tà fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pè é lólè. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan náà ni orúkọ méjèèjì ti jáde, ṣùgbọ́n ọjà wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ibẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù yẹn ti fẹ́ rí yín mú.

Ẹni gidi ni Marina Rinaldi. Ní nǹkan bí 1850, òun ló ni ilé ìránṣọ kan ní Reggio Emilia, ní Ítálì. Iṣẹ́ náà ò kúrò nínú ẹbí wọn. Ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Achille Maramotti, ẹni tí ìyá tirẹ̀, Giulia, dá ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ sílẹ̀ nílùú kan náà. Òfin ni Achille kà, àmọ́ aṣọ ló gbà á lọ́kàn. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó dá Max Mara sílẹ̀ ní 1951.

Láyé ìgbà yẹn, obìnrin Ítálì tó bá fẹ́ aṣọ gidi, ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ń gbà lọ. Wọ́n á wọn ọ́n, á tún padà lọ wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, bí àwa náà ṣe ń ṣe fún aṣọ òde títí dòní. Aṣọ àránsílẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ níyì. Achille rò ó pé bí òun bá gé kóòtù bíi ti télọ̀ àgbà, tí ilé iṣẹ́ sì rán an ní oríṣiríṣi sáìsì, ìyàwó dókítà àti ìyàwó lọ́yà á rà á. Kóòtù aláwọ̀ ràkúnmí kan àti súùtù pupa kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Kóòtù tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù, nọ́ńbà ni orúkọ rẹ̀: 101801. Anne-Marie Beretta, ará Faransé, ló ya á ní 1981, apá rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti kímónò. Karl Lagerfeld pàápàá, gbajúgbajà tó ń ya aṣọ, ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ hàn lára aṣọ. Nínú àwa télọ̀, mélòó ló lè gbà bẹ́ẹ̀?

Ní 1980 ni wọ́n wá fi orúkọ ìyá àgbà yẹn sọ ọjà ọ̀tọ̀ kan, tí wọ́n ń rán fún obìnrin tó lára. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò. Bí ẹ bá tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ á ṣubú, èjìká kóòtù ló sì ṣòro jù láti tú ká tún un rán. Owó àtúnṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kóòtù. Bó bá jókòó dáadáa lára yín, ẹ ná an, kẹ́ ẹ sì sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé owó Marina Rinaldi lẹ ó san, kì í ṣe ti Max Mara.