Kókó ọmú tí kò dunni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mò ń wẹ̀, ọwọ́ mi ba kókó kan nínú ọmú mi òsì. Kò dùn mí. Aládùúgbò mi ní kí n mu àgbo. Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí àgbo dúró ná, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Lóṣooṣù, bí nǹkan oṣù bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi ọṣẹ sọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ìka mẹ́ta àárín tẹ ọmú yíká títí dé abíyá. Abíyá yẹn lọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé! Bí awọ ọmú bá ń dà bí èèpo ọsàn, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀.