Ìṣirò Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kan Náà, Èsì Méjì: Èwo Ni Ká Gbà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, Ẹnjiníà, mo pín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sí ègé láti mọ̀ bóyá kò ní ya. Lórí òbìrí kan náà (ìlà rìbìtì tí ilẹ̀ lè gbà yẹ̀), ọ̀nà ìṣirò Fellenius fún mi ní iye ààbò (agbára tó ń di ilẹ̀ mú, tí a fi èyí tó ń tì í wálẹ̀ pín) 1.05, ti Bishop sì fún mi ní 1.31. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò yín má ní àṣìṣe kankan. Omi inú ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ibi tí omi bá ti ga ni ọ̀nà méjèèjì ti sábà máa ń jìnnà síra jù.

Ohun tó yà wọ́n ni bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fellenius kò ka agbára yẹn sí rárá. Bishop, nínú ọ̀nà rírọrùn tó gbé jáde ní 1955, gbà pé wọ́n ń ti ara wọn láti ẹ̀gbẹ́, agbára òró (tó ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀) àárín wọn nìkan ni kò kà.

Ẹ wo ègé kan tó wúwo 200 kN (kílónewton, ìwọ̀n agbára) fún mítà kan, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 3, tó da gẹ̀rẹ́ ní digírì 50, tí omi sì ń tì í pẹ̀lú 40 kPa (kílópascal, ìwọ̀n ìtẹ̀). Fellenius yóò rí nǹkan bí 129 kN tó ń tẹ ìsàlẹ̀ náà, yóò yọ 120 ti omi kúrò, yóò sì ku nǹkan bí 9 péré. Bí omi bá dé 50 kPa, èsì yóò bọ́ sábẹ́ òdo, bí ẹni pé ilẹ̀ ń fa ègé náà mọ́ra, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu. Bishop, fún erùpẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ra, tí igun ìdìmú rẹ̀ (ìwọ̀n bí hóró erùpẹ̀ ṣe ń di ara wọn mú) jẹ́ digírì 30, tí iye ààbò sì jẹ́ 1.3, yóò rí nǹkan bí 125 kN nínú ègé kan náà tí omi rẹ̀ jẹ́ 40 kPa.

Nítorí náà, ti Bishop ni mo máa gbà, níwọ̀n ìgbà tí ibi tí ilẹ̀ yóò ti yẹ̀ bá jẹ́ òbìrí. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ègé ìdí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ìsàlẹ̀ wọn kọjú sókè gan-an, torí wọ́n lè ba èsì Bishop jẹ́. Kí ẹ sì tún òbìrí tó léwu jù wá fún un, torí ti Fellenius lè má jẹ́ tirẹ̀.

Àmọ́ 1.31 kò tíì tó 1.5 tí a sábà máa ń béèrè fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò wà títí. Kí ẹ tó ronú àtigé e kó má ga mọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni pé ẹ ti fa omi rẹ̀ wálẹ̀ ní mítà kan.