Kí ló ń ran aláìsàn ọkàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá nígbà tó ń gba ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò?

Lójú tèmi, àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wó máa ń fetí sí dókítà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí náà orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló yẹ kí ìmọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ìwádìí fi hàn pé ó máa ń gbéṣẹ́ bí wọ́n bá ń kàn sí i fún ó kéré tán oṣù 1 lẹ́yìn tó padà sílé, nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tún máa ń padà sídìí sìgá.

Oògùn náà wà: níkotíìnì (èròjà inú sìgá tó ń di bárakú) alẹ̀mára pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù níkotíìnì ṣiṣẹ́ ju ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lọ. Varenicline, oògùn oníhóró tó ń dín ìfẹ́ sìgá kù, náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé níkotíìnì á ṣe ọkàn wọn léṣe, àmọ́ èéfín sìgá léwu jù ú lọ fíìfíì. Kí dókítà bá ẹ yan èyí tó yẹ.

Bí ọkọ tàbí aya bá ń mu sìgá, ẹ jọ jáwọ́ ni. Bí ìbànújẹ́ ọkàn tí kì í lọ bá wà, ẹ tọ́jú òun náà, torí ó máa ń dá èèyàn padà sídìí sìgá. Ẹni tó ń tanná sí sìgá láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá jí nílò ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ sí i.

Ẹ má sì kàn dín in kù o: sìgá díẹ̀ lójúmọ́ ṣì ń pa ọkàn lára.