Ẹ Bi Ọmọ Aláró: Ṣé Ó Burú Kí N Máa Wọ Àdìrẹ Kan Náà Lọ Òde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Pánsẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pe èmi náà sí aṣọ ẹbí. Bí mo bá sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di inú àpótí. Mo ń gbọ́ pé aṣọ ṣíṣe ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ìmúra mi jẹ́ tèmi, kí ẹni tó rí mi mọ̀ pé èmi ni. Àdìrẹ ló wù mí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá ń wọ ẹyọ méjì mẹ́ta káàkiri òde, wọ́n á ní owó ti tán lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Ẹ̀gbá, Àsẹ́rò

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń ná ọ lówó. Kẹ́mta ni wọ́n bí mi sí, ìdí ìkòkò aró ni mo dàgbà sí. Obìnrin kan wà ní agbolé wa tó ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Olókun ni bátànì rẹ̀. Tí àwa ọmọdé bá ti rí aṣọ yẹn lókèèrè láàárín èrò tó ń ti ọjà bọ̀, a ti mọ ẹni tó ń bọ̀ nìyẹn, a ó sáré lọ gba ẹrù lórí rẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìṣẹ́ ló jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́. Ohun tí ò ń wá gan-an nìyẹn, ẹni tó bá sì ń pààrọ̀ aṣọ ní gbogbo Sátidé kò lè rí i.

Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí àwa obìnrin Abẹ́òkúta fi ń yangàn, kàwé dé ìlú Òyìnbó, gáùn kò sì ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti àwọn obìnrin ọjà jọ ń ja ìjà owó orí ní àwọn ọdún 1940, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí àlàfo má baà sí láàárín òun àti wọn. Wọ́n ti mọ ibi tó dúró sí kó tó la ẹnu. Mo fẹ́ kí tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀.

Aṣọ wo wá ni kí o rà? Lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, ṣùgbọ́n la ojú. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí ti kún ọjà, òmíràn sì wá láti Ṣáínà. Yí aṣọ náà padà. Tí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá ju ti ojú rẹ̀ lọ, tí bátànì kan sì bá èkejì mu láìyẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ló ṣe é. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, aró á mu ún dé ẹ̀yìn, bátànì òṣùpá inú rẹ̀ kan á sì fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ. Rí i dájú pé òwú ni. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ oníke tí wọ́n ń pè ní polyester. Bí a bá ti ń fọ̀ ọ́ ni fọ́nrán tíntìntín ń já lára rẹ̀ sínú omi, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀.

N kò ní tàn ọ́ o: kì í ṣe gbogbo àdìrẹ ló mọ́. Ní ayé ìyá mi àgbà, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún nínú odó, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sá a sóòrùn. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á da ẹ̀lú sí i nínú ìkòkò, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí di búlúù lójú rẹ báyìí. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á yọ, títí yóò fi dú bó ṣe wù wọ́n. N kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ tó dùn mí wò tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí, aró inú ike, sódà àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hydros ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò, pàápàá fún kàm̀pálà aláràbarà. Sódà ń jó wọn lọ́wọ́. Omi tí wọ́n bá dà sí gọ́tà kì í dúró síbẹ̀, àwọn odò kéékèèké ló ń gbé e lọ sínú Odò Ògùn, Odò Ògùn sì ń ṣàn lọ sí ìhà Èkó, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi tí ilé-iṣẹ́ omi Àdìyàn ń sọ di mímu fún àwọn ará Èkó. Nítorí náà, bi aláró léèrè: ibo lẹ ń da omi aró sí? Ṣé ẹ ń wọ ìbọ̀wọ́? Ẹni tó bá dá ọ lóhùn tó nítumọ̀, òun ni kí o di oníbàárà rẹ̀. Tí o bá sì rí ẹni tó ṣì ń fi ẹ̀lú rẹ aṣọ, san iye tó bá pè, kí o ra ẹyọ kan dípò mẹ́rin.

Ti aṣọ ẹbí, má torí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ra gèlè nìkan, kí o wé e sí àdìrẹ rẹ. Tètè sọ fún olóde, kó má baà ka aṣọ mọ́ ọ, kí o sì fi nǹkan ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ ló ń ṣe é, ra odindi, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí aránṣọ rán an ní ohun tó ṣeé wọ̀ lọ ibi iṣẹ́, kó sì fi àyè sílẹ̀ nínú ojú rírán kí ó ṣeé tú tí o bá sanra. Gba àjákù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Àjákù àdìrẹ ni mo fi rán àpò tí mo ń gbé lọ ọjà. Àwọn obìnrin Láfẹ́nwá ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í na ọ̀rá sí mi mọ́. Àwọn tó wà nínú àpótí ńkọ́? Kó wọn jáde. Bùbá léèsì lórí ìró àdìrẹ máa ń wuyì púpọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mà, àdìrẹ tí mo rà ti ta aró sára aṣọ funfun ọkọ mi. Ṣé ayédèrú ni?
Ìyá Ìbejì, Ìbarà

ÌDÁHÙN: Rárá o. Aró tí kò tíì mu aṣọ ló ń jáde. Ẹ máa dá a fọ̀, nínú omi tútù, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó sá a, abẹ́ òjìji sì ni kí ẹ sá a sí. Ẹ má sì fọ̀ ọ́ torí pé ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á tún ṣeé wọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kútọ̀ ni mo ti ń ra ìrẹsì ọ̀fadà ní ọ̀sán. Abọ́ funfun fúlẹ́fúlẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń bù ú fún mi, wọ́n á tún fi ọ̀rá dúdú dì í. Ó wù mí kí n máa mú abọ́ tèmi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni mí níbi iṣẹ́, ojú ń tì mí.
Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Òkè-Mọ́sàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ mú abọ́ yín lọ. Èkó ti fòfin de abọ́ funfun yẹn láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹ kò sì ní láti dúró de òfin kí ẹ tó ṣe ohun tó dáa. Ìpínlẹ̀ wa níbí náà ni ìlú Ọ̀fadà wà, ewé ni a sì fi ń jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ẹ bi olóúnjẹ bó bá ní ewé. Bó bá ní in, ewé ni kó dì í sí, òórùn ewé yẹn wà lára adùn rẹ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ yín á wò yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Kí abọ́ náà jẹ́ irin, kí ó sì ní ìdérí tó dì dáadáa, torí ata ọ̀fadà kì í pẹ́ ta epo sára ìwé.