Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Iyán Tó Wà Lẹ́yìn Dúróòmù

Òkun o, gbogbo ẹ̀yin tèmi ní Kabba, Ìyàrà, Mopa, Isanlu, Egbe, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ wa ní Lokoja. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ara ọmọ ló sì kún inú ẹ̀, mo wá mú mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa jókòó tì pẹ́ jù, ẹ má bínú, torí kò sí ilé tí kò kàn, ilé tèmi náà wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 11 lóṣù tó kọjá. Ọmọ tó fẹ́ràn oúnjẹ ni, tí mo bá ti ń gún iyán á wá jókòó ti odó, á ní kí n fún òun ní èyí tó lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó. Nígbà tí a fẹ́ sin bàbá ọkọ mi a kó aṣọ ẹbí lọ sọ́dọ̀ télọ̀, bí télọ̀ ṣe na téèpù mọ́ ọn níkùn ló pariwo pé "Háà, ọmọ ọdún 11, wéèsì 31! Ṣé ìyá ẹ ló yá ẹ ni wéèsì yìí?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹun alẹ́ dáadáa mọ́, á gbé abọ́ lọ síta, á ní òun ti jẹ ẹ́ tán. Ní Sátidé tó kọjá mo ń gbálẹ̀, mo rí i tí èèrà tò lọ sẹ́yìn dúróòmù omi, mo tẹ̀lé e, mo bá òkèlè iyán bíi mẹ́rin nínú ọ̀rá, wọ́n ti bu. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀ kó rù díẹ̀, pé ó ti ń di ọ̀rọ̀bọ̀. Àǹtí ẹ̀ tó ti Abuja wá ní kí n ra tíì tó ń fọ ikùn fún un. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kabba

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "èmi náà rẹ́rìn-ín". Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn. Mi ò fi bá yín wí o, èmi tí mo ń kọ èyí, mo ti pe ọmọ àbúrò mi ní "àpò sìmẹ́ǹtì" rí lójú àlejò, ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, tí mo bá gbé oúnjẹ fún un títí dòní, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò kó tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa a ò ka ọ̀rọ̀ ara sí ọ̀rọ̀ burúkú. "O mà ti sanra o", kíkí ni. Ẹni tó bá ti Abuja tàbí Èkó dé lọ́dún Kérésì tí egungun ọrùn ẹ̀ yọ, gbogbo ìdílé ló máa bi í bóyá wọn ò sanwó oṣù fún un ni. Ọmọ tó bá sì tín-ín-rín, a ó pè é ní pańla, a ó pè é ní igi ìṣáná, yóò máa dáhùn títí orúkọ á fi mọ́ ọn lára. Ìfẹ́ ni ìyá ọkọ yín fi ń sọ tiẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò gbé nínú ayé tí ìyá àgbà gbé, fóònù wà nílé, nínú fóònù yẹn kò sẹ́ni tó ń ki ọ̀rọ̀bọ̀, ikùn pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi hàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ wá ń gbọ́ "jẹun kí o lè sanra" ní etí kan, ó ń gbọ́ "wo bí o ṣe sanra" ní etí kejì, nígbà míì ẹnu kan náà ló ti jáde láàárín ọjọ́ kan.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìṣòro òyìnbó lèyí, pé ọmọ Yorùbá ò lè sá fún oúnjẹ. Ẹ jẹ́ n sọ ti Fiji fún un yín, erékùṣù ni, lórí òkun Pàsífíìkì. Àwọn náà dà bíi wa, ara tó kún ló wù wọ́n, àlejò ò gbọdọ̀ kúrò nílé wọn láìjẹun. Agbègbè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nadroga, ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Dókítà kan láti yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Anne Becker, fi ìwé ìbéèrè wá àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wò bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń dé, ó tún lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ní 1998. Ní 1995, bíi 13 nínú 100 ni èsì wọn fi hàn pé oúnjẹ àti ara ti fẹ́ di wàhálà sí wọn lọ́rùn. Ní 1998 wọ́n ti di 29. Ọdún mẹ́ta péré, ní ìlú tí wọ́n ti ń fi ara tó kún yangàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Ẹ wá wo ọmọ wa tí fóònù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó mọ̀wé kà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ara ọmọ yẹn fúnra ẹ̀. Ọdún 11 ló wà. Láàárín ọdún 8 sí 13 ni ara ọmọbìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó sì máa ń kó ẹran jọ kí nǹkan oṣù tó dé, ìdí á fẹ̀, ikùn á yọ, itan á kún, ó lè kọ́kọ́ fẹ̀ kó tó ga, ó lè ga kó tó fẹ̀, kálukú ló ní tiẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dáko iṣu rí, ẹ mọ bí ebè ṣe máa ń là nígbà tí iṣu bá ń ta nísàlẹ̀. Mi ò tíì rí àgbẹ̀ tó rí ebè tó là tó wá ń pariwo pé iṣu yìí ti tóbi jù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ mú un lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí wọ́n wọn gíga ẹ̀ àti ìwúwo ẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fi wé ìwé ìdàgbàsókè tó jẹ́ ti ọmọdé, torí òdiwọ̀n àgbàlagbà ò bá ọmọ ọdún 11 mu. Kí wọ́n sì má pariwo nọ́ńbà náà o, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ tíì tó ń fọ ikùn, ẹ má rà á. Ewé senna ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn, òògùn ìyàgbẹ́ ni. Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá ara ò mira, ọmọ á kàn máa sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní kíláàsì. Tí àǹtí bá ti rà á wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó máa gbébẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá. Ẹ má pè é jókòó kẹ́ ẹ máa bi í léèrè ọ̀rá iyán bíi pé olè ló jà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń gún iyán, ẹ pè é kó wá bá yín gún un, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ti ẹnu, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé "Lọ́jọ́ télọ̀ yẹn, mo rẹ́rìn-ín, kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, má bínú." Kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má sáré fi "o ò sanra rárá" lé e, torí ohun tí ọmọ máa gbọ́ níbẹ̀ ni pé tí òun bá sanra lóòótọ́, a jẹ́ pé ilé ti dàrú nìyẹn. Ó lè sunkún, ó lè má sọ nǹkan kan, ó lè ní "mo ti gbàgbé". Kò tíì gbàgbé.

Tó bá wá di ti oúnjẹ, obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter, iṣẹ́ oúnjẹ ọmọdé ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ó pín iṣẹ́ yìí sí méjì, ó sì bá mi lára mu: òbí ló máa sọ ohun tí a máa jẹ, ìgbà tí a máa jẹ ẹ́ àti ibi tí a ti máa jẹ ẹ́, ọmọ ló máa sọ bóyá òun máa jẹ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ẹ ó rí i bí ẹnu ṣe máa ń yún èèyàn láti sọ pé "ìyẹn ti tó" tàbí "fi ọ̀kan kún un". Ẹ má ka òkèlè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má ṣe é kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó tín-ín-rín máa jẹ iyán àti ègúsí kí òun máa jẹ kùkúńbà, ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé ti bù. Kí oúnjẹ dé lásìkò, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́ pọ̀, torí abọ́ tó lọ síta lọ́wọ́ alẹ́ ló di ìpàdé èèrà yẹn.

Ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín lọ bá a, kó kúnlẹ̀, kó ní "Màmá, orúkọ tí ẹ sọ ọmọ yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló wù wá kẹ́ ẹ máa pè é." Ẹ ò ní ọ̀rọ̀ míì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá àgbà máa gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà wá o, tẹ́ ẹ bá wà níwájú díńgí tẹ́ ẹ ń fọwọ́ gbá ikùn yín mú tẹ́ ẹ ń ṣe "ẹ wo ikùn burúkú yìí", ta ló wà lẹ́yìn yín tó ń wò?

Kí n tó kúrò lórí èyí: tí ọmọ náà bá ń rù sí i, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí irun ẹ̀ ń já, tó ń lọ bi oúnjẹ lẹ́yìn ilé, tàbí tí nǹkan oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀ wá dúró, ẹ gbé e lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ọmọ tó bá sì ń rù, tó ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀ wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yìn ín pé ó ti lẹ́wà.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín mà. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 6, ìrẹsì àti Indomie nìkan ló mọ̀. Ẹ̀fọ́ ò ní wọnú ẹnu ẹ̀, ẹ̀wà ò ní wọ̀ ọ́. Mo máa ń mú pàṣán dúró tì í títí abọ́ á fi mọ́, ìyàwó mi ní mò ń ṣe é ní ìkà. Ta ló jàre? — Bàbá kan, Egbe

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ló jàre, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ní 2006 àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé ọbẹ̀ olómi oríṣi méjì síwájú àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ń tẹnu mọ́ ọ̀kan pé "jẹ ẹ́ tán, jẹ ẹ́ tán", wọn ò sọ nǹkan kan nípa èkejì. Èyí tí wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ni àwọn ọmọ jẹ jù, èyí tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni wọ́n ń bú. Ẹnu lásán nìyẹn o, pàṣán ò tíì dé ibẹ̀.

Oúnjẹ tí ọmọ ò mọ̀, ó lè tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó máa rí i kó tó gbà á. Ìgbà mẹ́ta làwa máa ń ṣe é tí a ó ní "kì í jẹ ẹ̀fọ́". Ẹ bu ẹ̀fọ́ ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì tó fẹ́ràn, ẹ má bá a sọ nǹkan kan, kí ẹ̀yin máa jẹ tiyín níwájú ẹ̀. Tó bá kù, ó kù. Ẹ má sì bá a dúnàádúrà pé "jẹ ẹ̀fọ́ kí n fún ẹ ní bisikíìtì", ẹ̀fọ́ á di ìyà, bisikíìtì á di ọba. Ẹ jẹ́ kó bá yín já ẹ̀fọ́ náà lóko, kó ṣa ẹ̀wà lára àtẹ, kó máa ju òkúta inú ẹ̀ nù, ọmọ máa ń fẹ́ tọ́ ohun tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wò. Nígbà kajú, ẹ ti rí bàbá tó mú pàṣán dúró ti ọmọ ní Egbe kó tó jẹ kajú rí? Àfi kó jẹ́ pé kó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí igi ni.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ọmọ mi obìnrin pé 17, ó tín-ín-rín gan-an, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń mu Apetamin kí ìdí wọn lè yọ, ó ní kí n ra tòun. Ó ń jẹun dáadáa o. Ṣé kí n rà á? — Ìyá Ọ̀wọ̀rọ̀, Lokoja

ÌDÁHÙN: Rárá. Cyproheptadine ló wà nínú ẹ̀, òògùn tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti ikun imú ni, ó kàn jẹ́ pé ó máa ń jẹ́ kí ebi pa èèyàn, ó sì ń kun èèyàn lóorun. Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ni ẹ fẹ́ máa fún lóògùn oorun? Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn níbẹ̀, ti kìlọ̀ pé àwọn ò fọwọ́ sí i. Kò sì sí òògùn tó lè yan ibi tí ẹran máa gbà lọ, ó lè jẹ́ ikùn ló máa gbà, kí wọ́n tún wá máa wá tíì tó ń fọ ikùn kiri.

Tó bá ń jẹun, tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń wá déédéé, tí kì í rẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn, ẹ gbé fọ́tò ìgbéyàwó yín jáde kẹ́ ẹ jọ wò ó, kó wo ọwọ́ yín nínú fọ́tò yẹn, kó wo bí ẹ̀gbà ṣe fẹ́ yọ dànù níbẹ̀.