Èsì: Ṣé HMCS Sackville ri ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sómi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ ogun Kánádà yìí ri ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sómi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Rárá o, ṣùgbọ́n ó ṣe wọ́n léṣe. Ní oṣù Ògọ́sítì 1942, nínú kùrukùru ojú òkun Àtìláńtíìkì, ó ń sin ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù ON 115. Bọ́ǹbù inú omi rẹ̀ ba ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-43, jẹ́. Lẹ́yìn náà, ìbọn ńlá rẹ̀ ba òmíràn, U-552, jẹ́. Àwọn méjèèjì rápálá délé. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, torí kí ọkọ̀ ẹrù gúnlẹ̀ láyọ̀ ni wọ́n ṣe rán an.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Sẹ̀tẹ́ńbà 1943. Sackville wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun Kánádà mìíràn, St. Croix, rì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Itchen, kó àwọn tó yè, Itchen náà tún rì, ẹnìkan ṣoṣo péré ló kù nínú àwọn ará St. Croix.

Bọ́ílà Sackville bàjẹ́ ní 1944, ló bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sísin ọkọ̀ ẹrù. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú gbogbo ọkọ̀ Flower, ìyẹn irú ọkọ̀ ogun kékeré tó ń sin ọkọ̀ ẹrù. Ẹ lè rí i ní Halifax, ní Kánádà.