Ṣé tí orílẹ̀-èdè bá gba 60 lórí SDG, ó ti rìn kọjá ìdajì nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Mo kà á pé orílẹ̀-èdè wa gba 60 nínú 100 lórí àfojúsùn SDG (àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè 17 tí àwọn orílẹ̀-èdè inú UN, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fẹ́ lé bá tó bá fi máa di 2030), a sì gòkè ní ipò mẹ́rin. Ṣé a ti ṣe ju ìdajì lọ nìyẹn? Ṣé a máa bá 2030?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán o. Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi kí n máa rí àwọn tó ń gbé máàkì yìí kiri bí èsì ìdánwò, àwọn míì nínú wọn sì mọ̀ dáadáa.

Máàkì yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ti UN, àwọn SDSN, ìyẹn àwùjọ àwọn yunifásítì àtàwọn olùwádìí, ló ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Àwọn atọ́ka ni UN fọwọ́ sí ní 2017, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo tágẹ́ẹ̀tì 169 tó wà lábẹ́ àwọn àfojúsùn náà, wọ́n sì lé ní 230.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Òdo inú máàkì yẹn kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ wà ní 2015 o, ibi táwọn tó gbẹ́yìn pátápátá lágbàáyé wà ni wọ́n fi ṣe òdo. Ẹ lè ti wà ní 58 látìbẹ̀rẹ̀, kó wá jẹ́ pé gbogbo ìrìn ọdún mẹ́wàá ò ju máàkì méjì lọ. Ti ipò mẹ́rin yẹn ńkọ́? Ẹ lè jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan kẹ́ ẹ sì gòkè, táwọn mẹ́rin tó wà lókè yín bá ṣáà ti já wálẹ̀.

Eré tẹ́ ẹ ń sá ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ mú ikú ọmọdé: tágẹ́ẹ̀tì ni pé àwọn tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ nínú 1,000 tí wọ́n bí láàyè. Ká ní 100 ni yín ní 2015, ó ní láti máa dín ní nǹkan bíi pẹ́sẹ́ǹtì 9 lọ́dọọdún, tó bá fi máa di 2025 ó yẹ kó ti wà ní 40. Ẹ wá débẹ̀ ẹ bá 70. Ìjọba á ní àwọn ti dín in kù ní pẹ́sẹ́ǹtì 30, wọn ò sì parọ́, àmọ́ ọdún márùn-ún tó kù á wá fẹ́ nǹkan bíi pẹ́sẹ́ǹtì 19 lọ́dọọdún, ta ló fẹ́ sá irú eré yẹn?

Ẹ rọra pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn tó wà nínú òṣì náà, torí Báǹkì Àgbáyé ti gbé ìlà ẹ̀ (iye tó jẹ́ pé ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó o ni wọ́n ń kà mọ́ òtòṣì) kúrò ní dọ́là 1.90 lóòjọ́ sí 2.15 ní 2022, wọ́n tún gbé e sí 3 ní 2025. Ẹ má fi ìròyìn àtijọ́ wé tuntun kẹ́ ẹ wá máa pariwo.

Ẹ ò sọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́, torí náà ẹ má fi tèmi yìí bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣe ìṣirò ìjọba yín: mélòó la wà ní 2015, mélòó la wà báyìí, ọdún wo ni wọ́n lọ kó dátà yẹn látilé délé (kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde o, torí àfojúbù lèyí tó pọ̀ nínú ẹ̀). Tí wọ́n bá ní máàkì nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn, ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì.